Ìbéèrè Tí Bàbá Ìyanu Bi Mí Lọ́run

Ẹ̀yin ará mi nínú ìjọ, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà àwọn ìyá, mo padà sílé, mo fún Ìyanu ní ìyókù oògùn wárápá rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀. Ẹ mọ Ìyanu, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ojú rẹ̀ ti di ti àgbà, ṣùgbọ́n kò lè rìn, kò sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun. Káàdì ìlera tí bàbá rẹ̀ gbà níbi iṣẹ́ ìjọba la fi ń gba oògùn rẹ̀ lọ́sibítù. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kú lọ, ó ní, "Má fòyà, káàdì Ìyanu wà." Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ti pé ọdún méjìdínlógún, àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣe káàdì náà yọ orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé wọn ní, "Màmá, ọmọ yín ti dàgbà, ó ti kúrò lábẹ́ yín." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń sọ fún Ọlọ́run tí oorun fi gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ ń tàn fà mí lọ́wọ́. A gba ibi tí iná ti ń jó tí kò mọ́lẹ̀. Mo rí àwọn òpùrọ́, ahọ́n wọn gùn délẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń rìn, wọ́n ń ké, mo fẹ́ sá, n kò rí ọ̀nà, èéfín dí mi lójú, mo ń pe Jésù, mo ń pe Jésù! Níwájú wọn, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì jókòó sórí àga irin gbígbóná. Oúnjẹ wà níwájú wọn, ọwọ́ wọn rọ, kò dé ẹnu. Bí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnì kan bu fún àwọn, ohùn kan ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ti dàgbà."

Mo bi amọ̀nà mi pé, "Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn tó wo ọjọ́ orí, tí wọn kò wo ènìyàn."

Ẹ̀yin ará, n kò lè yọ̀ wọ́n. Mo sunkún.

Lẹ́yìn náà ni a dé ibi tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi. Bàbá Ìyanu wà láàárín wọn, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún.

"Ìyá Ìyanu! Ọmọ wa ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń gba káàdì ẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n ṣì ń gbà á. Ìsinmi yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo rántí àwọn ahọ́n wọ̀nyẹn.

"Wọ́n ti yọ ọ́, Bàbá Ìyanu. Wọ́n ní ó ti dàgbà."

Ó dìde. "Dàgbà kẹ̀? Ìyanu? Wọn ò tíì rí i ni. Ẹ jẹ́ n lọ bá wọn sọ̀rọ̀." Ó mú fìlà, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Amọ̀nà mi dí i lọ́nà. "Ẹni tó bá kú dé ibí kì í padà."

Ọkọ mi dúró síbẹ̀, ó ń sunkún. Amọ̀nà náà wò mí: "Ẹkún kì í wọ ibí. Láti ayé ni wọ́n ti fi èyí ránṣẹ́ sí i."

Ariwo Ìyanu ló jí mi. Wárápá ti gbé e, ike oògùn sì ti ṣófo.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn tó ń ṣòfin káàdì yìí, ẹ kìlọ̀ fún wọn. Mo rí àga náà, ó ṣì ń gbóná, ààyè sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n dá orúkọ àwọn ọmọ bíi Ìyanu padà nígbà tí ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ọkọ mi kò tíì padà jókòó. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run, fìlà lọ́wọ́, ó ń retí èsì.