Wọ́n Ní Ìyá Àgbà Ń Sùn

Ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ké e kó ta sókè, torí ohùn tèmi ti há. Ògo! Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀ tààrà, ẹ ń wo aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Ẹsẹ̀ ń ro mí, ẹ̀yìn ń ro mí, ó rẹ̀ mí dé eegun. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tí Bàbá bá ṣe é, màá dúró níbí. Ó sì ti ṣe é. Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ ṣé, ẹ ṣé.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni Mummy Tóbi, ti òpópónà Yarnton Way, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tí Tóbi gbéyàwó tó kó jáde, yàrá rẹ̀ ṣófo. Ni mo bá gba ọmọbìnrin kan síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Ṣáínà. Lin lorúkọ rẹ̀. Ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ má wẹ̀yìn o, ojú ń tì í! Mo ní ẹ má wẹ̀yìn, gbogbo yín sì ti wẹ̀yìn. Ẹ káre.

Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Tó bá ti jí láàárọ̀, omi gbígbóná lásán ni yóò kọ́kọ́ sè. Kò sí tíì níbẹ̀, kò sí ṣúgà. Yóò máa fẹ́ ẹ mu díẹ̀díẹ̀, yóò sì bu tèmi náà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó ń pè mí ní nǹkan kan, etí mi sì ń gbọ́ ọ bí "Ayé". "Ẹ káàárọ̀, Ayé." Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Èmi kẹ̀? Mo ní, "Èmi kì í ṣe ayé o! Inú ayé ni mo ń gbé, n ò sí lára wọn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní Áyí lòun ń pè, pé bí wọ́n ṣe ń pe Auntie nílé àwọn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Áyí.

Àfi bí ọmọ yìí ṣe dédé dákẹ́. Kò se omi mọ́. Màá tibi iṣẹ́ dé, màá fọwọ́ kan kẹ́tù tó fi ń se omi, tútù ló máa tutù. Màá kan ilẹ̀kùn, "Lin, kí ló dé?" Á ní, "Kò sí nǹkan, Áyí." Àwa tá a máa ń sọ "It is well" nígbà tí gbogbo nǹkan ti dojú rú, a mọ irú "kò sí nǹkan" yẹn dáadáa.

Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní àyà òun ló wúwo, bíi pé nǹkan dí i. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa. Kó lọ bá àwọn tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn nílé ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀." Ó lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá níbẹ̀, ọmọ rere, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé omi tútù fún un, ó ní, "Sọ fún mi, ṣé o ń bínú sáwọn òbí ẹ ni?"

Háà! Ẹ gbọ́ o. Ta ló máa jókòó síwájú àlejò nínú wa, kó máa ro ẹjọ́ bàbá àti ìyá ẹ̀? Lin ní, "Rárá." Ọmọkùnrin yẹn ní, "Ṣé inú ẹ bà jẹ́?" Lin ní, "Rárá, àyà ló ń dùn mí." Ọmọkùnrin náà gbà á gbọ́. Ó ní tó bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀ kó padà wá. Kò padà lọ mọ́. Ó dùbúlẹ̀, kò jẹun mọ́.

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ará. Màá bẹ arúgbó níbi iṣẹ́ pé kó jẹun, màá délé, màá tún bẹ ọmọdé. Mo pe Sister Fúnkẹ́ ẹgbẹ́ àdúrà. Ẹ má bínú o, Sister, mo máa sọ ọ́. Wọ́n ní, "Mummy Tóbi, ọ̀rọ̀ yìí gba ààwẹ̀. Kí ọmọ náà bá wa gbà á." Mo ní, "Ọmọ tí kò jẹun látọjọ́ yìí? Ààwẹ̀ wo ló tún kù tó fẹ́ gbà?" Àwọn fúnra wọn bú sẹ́rìn-ín. A kàn gbàdúrà jẹ́jẹ́.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbé ìrẹsì olómi wọlé fún un. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Áyí, ó wù mí kí n sùn, kí n má jí mọ́."

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n n ò kígbe. Mo jókòó tì í, mo bi í léèrè gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, pé ó kàn rẹ òun ni. Mo ní, "Ó rẹ èmi náà. N ò ní fi ẹ́ sílẹ̀. Dìde, wọ bàtà." Mo pe ibi iṣẹ́ pé n ò ní lè wá. A wọ bọ́ọ̀sì, a sọ̀ ní Woolwich, a rìn gba Powis Street kọjá dé ilé ìwé rẹ̀, ó di apá mi mú ṣinṣin.

Mo ní kí wọ́n bá mi wá ẹlòmíì tí Lin lè bá sọ̀rọ̀. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì ilé ìwé ní, "Màdáámù, bákan náà la ń ṣe sí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́." Mo ní, "Mo mọ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ò lè sọ ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀ fún àlejò. Àwa náà ò lè sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní àgbàlagbà kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ tiwọn?" Ó wò mí, ó wo Lin, ó gbé fóònù. Ó ní ìyá àgbàlagbà kan wà, ará Malaysia, ìran Ṣáínà, pé àwọn máa pè é kó wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Ẹ yìn ín dáadáa!

Ìyá náà jáde wá, irun funfun, bàtà pẹlẹbẹ. Omi gbígbóná ló gbé lọ́wọ́. Omi gbígbóná lásán! Lin sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò bi òun bí inú òun ṣe rí rárá. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun? Ta ló máa ń se oúnjẹ fún ẹ nígbà tó o wà ní kékeré?" Lin ní, "Ìyá mi àgbà ni." Ó ní, "Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?" Lin fẹ́ omi náà mu díẹ̀. Nígbà tó máa lanu, ó ní, "Áyí." Ó pe obìnrin yẹn náà ní Áyí! Ni ẹkún bá bọ́.

Ẹ̀yin ará, ìyá àgbà tó tọ́ ọ ti kú. Àwọn òbí rẹ̀ ò sọ fún un. Ìdánwò ń bọ̀, wọn ò fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ dàrú. Tó bá ti pè pé kí wọ́n gbé fóònù fún Ìyá àgbà, wọ́n á ní, "Wọ́n ń sùn." Ó pè láàárọ̀, wọ́n ń sùn. Ó pè lọ́sàn-án, wọ́n ń sùn. Nígbà tó yá, níbi tí wọ́n ti ń rí ara wọn lórí fóònù, ó rí fọ́tò Ìyá àgbà lára ògiri lẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọ́n fi òdòdó sí i lábẹ́, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti kú. Kò lè sọ pé òun mọ̀. Tó bá sọ ọ́, ó ti pe ìyá rẹ̀ ní òpùrọ́ nìyẹn. Ohun tó dí i láyà gan-an nìyẹn.

Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Torí mo mọ oorun yẹn. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n ni? Nígbà tí bàbá tèmi kú ní Ìjẹ̀bú, àwọn ará ilé ní wọ́n lọ sóko. Bàbá tí ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì! Mo mọ̀. Mo sì ń sọ fún wọn lórí fóònù pé kí wọ́n bá mi kí bàbá kú iṣẹ́ oko. Mo rí i bí ẹ ṣe ń mi orí. Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìyá onírun funfun yẹn ò ní kí Lin lọ bá àwọn òbí ẹ̀ jà. Ó ní, "Ìfẹ́ ló jẹ́ kí wọ́n fi pa mọ́. Ìwọ náà, fi ìfẹ́ sọ fún wọn pé o mọ̀. Jẹun kó o tó pè wọ́n, torí nǹkan tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹ́ nìyẹn." Lin pè wọ́n láti kíṣíìnì mi. N ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ẹkún. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, Lin ń sunkún, èmi náà bá wọn sun ún. Nígbà tó parí, mo ní, "Kí ni Mummy sọ?" Ó ní, "Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun."

Kò tíì padà sípò tán o. N ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ó ṣì ń lọ rí ìyá ará Malaysia náà, ó sì ṣì ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ máa ń wúwo. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Ó wà láàyè! Ọlọ́run ò jẹ́ kó sùn lọ. Ẹ̀yin tí nǹkan dí láyà, ẹ má fi "It is well" pa ẹnu dé. Ẹ wá ẹni tí ẹ lè pè ní Auntie, kí ẹ sọ ọ́. Tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá gbọ́ yín yé, ẹ bèèrè ẹlòmíì. Ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo gbọ́ tí kẹ́tù ń hó. Lin ló ń se omi. Ó ní, "Áyí, bàbá tiyín ńkọ́? Ṣé wọ́n wà?" Láti gbogbo ọdún yìí wá, n ò fẹnu mi sọ ọ́ rí. Mo ní, "Wọn ò sí lóko, Lin. Wọ́n ti kú." Lin gbé ife wá. Ó bu omi gbígbóná fún mi, ó jókòó tì mí, mo sì mu ún tán. Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó.