Ohùn Winnie Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí ẹni tí etí rẹ̀ ti di wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, torí n kò ní lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rẹ̀ mí. N kò kàwé ju kí n kọ orúkọ mi lọ, Biddy Nangala. Orin ló kún inú mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde kí ẹnu mi tó pa dé.

Bí èèyàn bá kú láàárín wa, a kì í dárúkọ rẹ̀, a kì í gbọ́ ohùn rẹ̀, títí ẹbí yóò fi sọ pé ó tó. Ìdí nìyí tí Gareth, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó kó orin wa sínú kọ̀ǹpútà ní ilé àṣà, fi ṣe ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni "fi pamọ́": orin ṣì wà níbẹ̀, àmì lásán ni ẹ̀rọ fi sí i lára kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Bí ọ̀fọ̀ bá tán, a ó yọ àmì náà, olóògbé á tún máa kọrin. Èkejì ni "pa rẹ́". Ìyẹn wà fún orin ìkọ̀kọ̀ tí a bá ṣèèṣì gbà sílẹ̀. Ó ń pa ẹ̀dà tó wà lọ́nà jíjìn ní ìlú ńlá Adelaide pàápàá rẹ́, ìka àgbà méjì ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ. Ajá ni wọ́n fi ṣọ́ ẹran.

Winnie ẹ̀gbọ́n mi (ọ̀fọ̀ rẹ̀ ti tán, mo lè dárúkọ rẹ̀) ń kọ orin òjò àwa obìnrin bí ẹni ń rọra da omi sínú igbá. Bí èmi bá dá a, wọ́n á ní, "Biddy, jẹ́ kí Winnie bá wa gbé e." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Nígbà tó kú, mo sunkún, mo kun ẹfun ọ̀fọ̀, mo sì ní mò ń lọ fi ohùn rẹ̀ pamọ́. Mo mú Rosie dání, ọ̀rẹ́ mi tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀rọ ń béèrè ìka tòun náà. Mo ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kú lẹ́ẹ̀kejì, èmi sì ń kọrin lọ sílé, èmi ìkà:

*Òjò ń bọ̀ níhà ìlà oòrùn o,*
*ẹ gbé igbá síta, ẹ gbé igbá.*

Ọ̀fọ̀ tán. Tanisha, ọmọ ọmọ Winnie, wá ní kí wọ́n ṣí ohùn náà kí àwọn ọmọbìnrin lè kọ́ orin. Gareth wá a títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó sọ fún mi pé, "Àǹtí, ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ yìí lódì." Mo ń mu tíì mi lọ. Àwọn àgbà pe ìpàdé láti lé e, wọ́n ní ó pa ohùn òkú wa rẹ́. Tanisha kò dá a lóhùn mọ́.

Níbi ìpàdé náà ni mo ti dìde. Mo ní, "Ẹ má lé e. Mo tan Rosie, mo sì pa ohùn náà rẹ́. Ìlara ni."

Rosie ní, "Biddy, ojú mi ló fọ́, orí mi kò fọ́. Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti nà ọ́ níbẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Gareth kàn ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó.

Tanisha yíjú sí mi. Ó ní, "Jaja" (bí a ṣe ń pe ìyá àgbà nìyẹn), "ṣé ẹ mọ bí ìyá àgbà mi ṣe ń kọ ọ́?"

Mo ní mo mọ gbogbo ìyípo rẹ̀. Ìlara máa ń fetí sílẹ̀ ju ìfẹ́ lọ.

Tanisha ní, "Ẹ fi ohùn tiyín sílẹ̀ nígbà náà. Tiwọn ni kí ẹ kọ fún wa."

Mo kọ ọ́. Ó le, mo ń tẹ ohùn ara mi mọ́lẹ̀. Gareth gbà á sílẹ̀, ó bi mí pé orúkọ ta ni kí òun kọ sí i. Mo ní kó kọ pé orin Winnie ni, láti ẹnu ẹni tó pa ohùn rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀yin ọmọdé, bí inú bá bí yín sí ẹnìkan, ẹ fi í pamọ́ ná, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ dárí jì mí.

Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, wọ́n hú ìrù ẹran kangarú tí wọ́n sun kúrò nínú eérú. Tanisha bù fún Rosie, ó bù fún Gareth. Èmi ló bù fún kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó bù fún mi. A yó, ọ̀rá wà lẹ́nu wa, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.