Ohùn Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi Tó Wà Nínú Fóònù Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi kí ẹ tó kà á tán. Ohùn ìyá oníyàá wà nínú fóònù mi. Ìyá náà ti jáde láyé. Ọmọ wọn ń wá ohùn yẹn kiri, kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. Èmi náà sì ni mo jẹ́ kó bọ́ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó ti ń lọ sí ọdún kẹta tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó mú mi sọ ọ́ báyìí ni pé àdúà ogójì ọjọ́ ìyá náà ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n sì ti ní èmi ni kí n dìde sọ̀rọ̀ nípa wọn níwájú àwọn èèyàn. Èmi! Ọ̀rọ̀ náà ti dàrú mọ́ mi lójú. Mi ò tilẹ̀ mọ èwo ni òótọ́ nínú rẹ̀ mọ́, ìyẹn ni mo ṣe kó o wá síwájú yín.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni mo ní ní Àgbowó, mò ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù. Bí ọjà ò bá yá, géèmù ni mò ń gbá. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa àwọn géèmù náà lórí ayélujára. Màá gbá géèmù kan fún ọjọ́ méje gbáko, màá wá sọ ibi tó dára, màá sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ràn rẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Bódìjà náà ń gbọ́ ọ. Àǹtí Géèmù ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ní ẹnu mi mú, pé mi ò kì í wojú ẹnikẹ́ni. Mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, kí n má parọ́ fún yín.

Ọ̀rẹ́ mi tí mò ń sọ yìí, Mùfútáù lorúkọ rẹ̀, Mùfú la máa ń pè é. Ọmọ Ìbàdàn ni tọwọ́ tẹsẹ̀, èmi wá láti Ìkàrẹ́. Ilé ìwé gíga la ti pàdé. Òun mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, èmi mọ àwòrán yà. Lọ́jọ́ kan ní Bódìjà, lórí bẹ́ǹṣì oníbúrẹ́dì kan, a jọ pinnu pé a máa ṣe géèmù tiwa. Géèmù ìjà ni, irú èyí tí ẹni tó ń gbá a á máa di alágbára díẹ̀díẹ̀, á máa kó ohun ìjà jọ, á máa yan ọgbọ́n tó bá fẹ́ kọ́. Ẹ̀yìn ìwé ìdánwò ni mo ya jagunjagun náà sí. Mùfú pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọ̀gá, èyí ló máa sọ wá dèèyàn."

Ọdún bíi mẹ́ta kọjá. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń họ orí. Ó ní òun ti rí ẹnìkan ní Challenge tó ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán, pé ọwọ́ ẹni náà yá ju tèmi lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí onítọ̀hún máa ya àwòrán géèmù wa lọ. Mo ní kò séwu, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú bí mi, mo sì jowú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi owú yìí sọ́kàn, torí òun gan-an ni mi ò mọ ibi tí mo máa gbé e sí.

Nígbà tí géèmù náà parí, èmi ló kọ́kọ́ gbé e fún pé kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Má wojú mi o. Bó ṣe rí ni kó o sọ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jáde nílé láti lọ bá àwọn tó gba odò ìlú rẹ̀ jà. Bí wọ́n bá lù ú ṣubú, ẹnu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ló ti máa jí. Ìyá á wà lórí àpótí. Wàá tẹ àtàǹpàkò mọ́ ojú fóònù, ọmọ náà á dọ̀bálẹ̀, ìyá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Bí ìyá ṣe ń kì í ni agbára ń padà sí i lára. Tó o bá sáré gbọ́wọ́ kúrò kí ìyá tó sọ̀rọ̀ tán, ìdajì agbára lo máa gbé padà sójú ìjà. Ta ló ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí? Gbogbo géèmù yòókù tí mo ti gbá, oògùn inú ìgò ni wọ́n fi ń gba agbára.

Àlàájà, ìyá Mùfú fúnra wọn, ló ni ohùn náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ṣàngó ni wọ́n ń gbé. Mùfú sọ fún mi pé inú yàrá ni òun ti gba ohùn wọn, pé ṣe ni Àlàájà fi aṣọ ìbora borí nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ̀rọ̀ fún wọn. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ọmọ wọn láràárọ̀ ni wọ́n sọ. "Àjàní ọkọ mi, o kú àbọ̀. Ẹni tó lù ọ́ ò mọ̀ pé o lẹ́ni lẹ́yìn. Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi, Ọlọ́hun ò ní fi ọ́ sílẹ̀." Tí wọ́n bá lù ọ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ọ̀rọ̀ á yí padà: "Àjàní, ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n bí fún ìjà ni? Jókòó kó o jẹun ná!" Níbì kan, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n wúkọ́, tí wọ́n ní, "Mùfú, ṣé ó ti ń gbà á?" Mùfú ò yọ ọ́ kúrò.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mo gbá géèmù náà bí iṣẹ́. Láti ọjọ́ kẹta, mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Màá kàn dúró níwájú ọ̀tá, màá káwọ́ gbera, kí wọ́n ṣáà lù mí ṣubú, kí n lè lọ gbọ́ ohùn yẹn. Ìyá tèmi wà láàyè, Ìkàrẹ́ ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá pè mí, "Ṣé o ti jẹun?" ni, ó tán. Mi ò bínú sí wọn. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ọjọ́ keje pé, mo tan ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ní ìjà inú rẹ̀ já fáfá. Mo ní Yorùbá ibẹ̀ dán mọ́rán. Mo ní àwòrán rẹ̀ dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo yà á. Mo wá bọ́ sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Mo ní ó ń mú kí fóònù gbóná bí ààrò. Mo ní bọ́tìnì ìjà kéré jù fún ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá tóbi. Mo ní ó wúwo, kò ní jẹ́ kí àyè ṣẹ́kù lórí fóònù mẹ̀kúnnù. Gbogbo ìyẹn, òótọ́ ni, mo lè búra.

Mo wá fi ẹyọ kan kún un. Mo ní, "Màmá yìí ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ìjà la wá jà, a ò wá kí ìyá onílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé màmá wọlé!" Mo wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ń dùn mí jù.

Òótọ́ mẹ́ta ni mo fi bo irọ́ kan mọ́lẹ̀. Àbí, ṣé irọ́ ni ná? Ibi tí orí mi ti ń dàrú nìyẹn. Ẹni tó bá ń kánjú lè ní ó ń dá eré dúró lóòótọ́, àwọn kan sì wà tí ọ̀rọ̀ màmá náà kọ́kọ́ sú. Tí mo bá ní owú ò sí níbẹ̀, mo parọ́. Tí mo bá tún ní owú nìkan ló sọ̀rọ̀, kò dá mi lójú. Ohun tó dá mi lójú ni pé ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú géèmù yẹn ni mo tutọ́ sí.

Kò ju ọjọ́ méjì lọ, wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Ẹ gbé màmá wọlé" wá di àwàdà láàárín àwọn ọmọ Àgbowó. Mùfú pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi ni. Ó ní, "Ọ̀gá, o ṣeun. Àwọn yòókù kàn ń pọ́n mi ni. Ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi."

Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti yọ màmá kúrò, ó ti fi ìgò oògùn rọ́pò wọn. Kí ó má bàa yí ọkàn padà, ó pa gbogbo ohùn náà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí géèmù tuntun ṣe ń dé orí fóònù àwọn èèyàn ni ti àtijọ́ ń parẹ́. Fóònù mi kan ni mi ò jẹ́ kó dé. Mo pa dátà rẹ̀, mo sì ń gbá ti àtijọ́ lọ. Ẹ ẹ̀ rí ayé mi?

Lásìkò Iléyá, mo lọ kí Àlàájà ní Ṣàngó. Mo kúnlẹ̀, wọ́n fà mí dìde, wọ́n bu ẹran fún mi. Wọ́n wá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n mà ní ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù nínú géèmù Mùfú. Ẹni tó sọ ọ́ ò parọ́ o. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà ni wọ́n ti ń sọ ọ́."

Wọ́n wò mí. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Títí di òní, mi ò mọ̀. Mo ní, "Rárá o, Màámi, ohùn yín dùn." Wọ́n ní, "Jẹ ẹran rẹ, ọmọ mi, ó ń tutù." Mo jẹ ẹ́, kò dùn lẹ́nu mi.

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, àìsàn ọjọ́ díẹ̀ gbé Àlàájà lọ. Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Mùfú bú sẹ́kún níwájú àwọn àáfà. Ó ní gbogbo fóònù òun lòun ti tú, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìyá òun fi ohùn ránṣẹ́ lòun rí: "Mùfú, bá mi ra búrẹ́dì bọ̀." Ó ní ohùn wọn wà lọ́wọ́ òun tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ara òun lòun fi pa á rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fara ya, wọ́n ní, "Ta ló tiẹ̀ ní kó o pa á rẹ́?"

Mùfú ní, "Ẹ fi onítọ̀hún sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Òótọ́ ló bá mi sọ."

Mo wà níbẹ̀. Mo gbé àwo mọ́ínmọ́ín dání, mò ń wolẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá pè mí pé kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ogójì. Ó ní gbogbo èèyàn ló máa ń yin òkú láìnídìí, pé èmi ò ní parọ́ mọ́ ìyá òun.

Ẹ jọ̀ọ́, fóònù náà wà nínú dúrọ́ọ̀ káúńtà mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohùn náà pé, ikọ́ wọn tiẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti rò ó pé kí n gbé e lọ fún un, kí n ní mo ṣàdédé rí i lórí fóònù àtijọ́ ni. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, á tún máa pè mí ní olóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Mo tún rò ó pé kí n jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé òótọ́ lòun gbọ́ tí òun fi ṣe ohun tí òun ṣe. Tí mo bá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Àbí ojú ló ń tì mí, tí mò ń fi àánú Mùfú bò ó? Ẹ ò rí i pé mi ò gbádùn?

Ó ku èyí tó burú jù. Mi ò fẹ́ kí fóònù yẹn kúrò lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ tí Àlàájà ti kú, kò sí àárọ̀ kan tí mi ò tan géèmù yẹn, kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n ṣàdúà fún mi kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tí wọ́n bí ò rí i gbọ́. Èmi tí mo ní kí wọ́n gbé wọn wọlé ni mò ń jẹ ogún rẹ̀ láràárọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ dá sí i. Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ẹ ṣáà dá mi lóhùn kí ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí tó pé. Tó bá jẹ́ ohùn ìyá tiyín ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ ẹni tó mú kí ẹ pa á rẹ́? Àbí ẹ máa ní kí n gbé ohùn náà wá, kí n sì pa ẹnu mi mọ́?