Ebenezer àti Success Tí Ẹ Gbààwẹ̀ Fún

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Ọ̀mù-Àrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná, ẹ má tíì kọrin ìparí. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti oṣù mẹ́ta, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Ebenezer àti Success tí gbogbo yín gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún, wọn ò sí láyé rárá. Èmi Tíṣà Babátúnjí ni mo dá wọn. Ẹ rọra pariwo, mi ò tíì dé ibi tó burú.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni akọ̀wé tó ń bójú tó ojú ìwé ìjọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ rí Àlùfáà, á tẹ fóònù, á mú ọjọ́ àti wákàtí. Èmi ló ń pinnu ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀: ìsọmọlórúkọ, ìṣílé, àdúrà aláìsàn, ìgbéyàwó. Ẹ sì mọ òfin wa: ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó ti Àlùfáà lẹ́ẹ̀mẹfà, opó ni o, wúńdíá ni o.

Àbúrò mi Àjọkẹ́ ti ń gbé lọ́dọ̀ mi látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ ń jẹun, tí a jọ ń jiyàn lórí ìròyìn rédíò. Nígbà tó sọ pé Barnabas, àgbẹ̀ ará Arandun, fẹ́ fẹ́ òun, mo ní, "A dúpẹ́." Irọ́ ni! Ta ni yóò máa bá mi jiyàn? Mo bá wọ inú fóònù lọ, mo gbé àyè ìgbéyàwó pamọ́, kó máa sọ pé ó ti kún. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Àjọkẹ́ ń wí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n tún ní ó ti kún." Èmi á ní, "Ṣe sùúrù, àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbé e." Barnabas gan-an gun ọ̀kadà wá bá Àlùfáà, mo dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà pé ẹni tó bá gba àyè lórí fóònù nìkan ni Àlùfáà ń rí. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Ìgbà tó yá, Àlùfáà bi mí pé, "Tíṣà, ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣègbéyàwó nílùú yìí mọ́ ni?" Ẹ̀rù bà mí. Mo fọwọ́ ara mi kọ Ebenezer àti Success sí gbogbo àyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àlùfáà dúró títí, wọn ò wá. Ó tún dúró, wọn ò wá. Ló bá kéde pé Sàtánì ń dènà àwọn ọmọ náà, kí gbogbo ìjọ gbààwẹ̀.

Ibi tó burú nìyí. Lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo ń jẹ iyán. Mo wá gbọ́ ohùn Àjọkẹ́ lórí ìkúnlẹ̀: "Olúwa, bí tèmi ò bá ní í ṣeé ṣe, ṣe tàwọn ọmọ yìí. Wọ́n ṣì kéré." Òkèlè há mi lọ́fun. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo jáde tọ̀ ọ́ lọ tọwọ́ tọbẹ̀, mo jẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ ò kàn sọ pé ẹ ò fẹ́ dá nìkan wà?" Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ náà ni mo ṣí àyè yẹn, ẹ sì jó níbi ìgbéyàwó Àjọkẹ́ àti Barnabas lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àlùfáà ti gbọ́, òun ló ní kí n fẹnu ara mi sọ fún yín. Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin tí mo febi pa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá ń lọ, ẹ sọ pé ó dùn yín. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní tèmi, Àjọkẹ́ ti dá mi lẹ́jọ́. Ó ti ṣí ojú ìwé tirẹ̀ sórí fóònù. Bí mo bá fẹ́ wá jẹun ní Arandun, àfi kí n kọ́kọ́ gba àyè. Ó ti gbogbo ọjọ́ yòókù pa. Ọjọ́ Àìkú nìkan, aago méjì, ló ṣí fún mi. Aago kan sì ti kọjá báyìí. Àlùfáà, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣe oore-ọ̀fẹ́ kíákíá, ọlọ́kadà ń dúró dè mí.