Ẹ Ní Kò Ju Etí Dídálu Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò ṣeun! Mo ní ẹ ò ṣeun rárá! Ẹ má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ bọ́ sórí àga yẹn kí n lè rí ojú yín dáadáa. Ta ló sọ fún mi pé iṣẹ́ abẹ òróòro kò ju etí dídálu lọ? Ẹ̀yin tí wọ́n yọ tiyín lọ́dún tó kọjá, tí ẹ mọ gbogbo ẹ̀, ẹ wo ojú èmi àbúrò yín, ẹ ní, “Wàá kàn sùn, wàá jí, ó tán.” Ó tán kẹ̀!

Mo sùn lóòótọ́, n ò ní purọ́ mọ́ yín. Jíjí wá ńkọ́? Ọ̀nà ọ̀fun ń ta mí, wọ́n ní rọ́bà ni àwọn tì bọ̀ ọ́. Ikùn mi wú gbandu, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ni àwọn fẹ́ sí i kí àwọn lè ríran nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́! Èmi ni táyà ni? Ikùn ni wọ́n dá lu, èjìká ló ń ro mí! Mo figbe ta pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí ibi tí kì í ṣe ibẹ̀, nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó ní afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù ló ń fa ìyẹn, kí n dìde kí n máa rìn. Kí n máa rìn!

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Láàárọ̀ yìí, dókítà àgbà kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ wọlé, wọ́n yí mi ká, ó wá là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn: “Màmá, ṣé ẹ ti só?” Wọ́n ní ìyẹn ni àwọn fi ń mọ̀ pé ìfun ti ń ṣiṣẹ́. Èmi! Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn wọ búláòsì tí mo fọwọ́ ara mi rán! Ṣé kò yẹ kí èèyàn ti gbọ́ irú ìyẹn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó tó kúrò nílé?

Òwú ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Nọ́ọ̀sì ṣí báńdéèjì, mo wo ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n dá lu síkùn mi, ni mo bá rí òwú kan tó yọ ṣóńṣó lójú èyí tó wà nídodo. Ẹ sì mọ̀ mí. Aránṣọ wo ló ń fi òwú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí oníbàárà rí i? Sísọ́ọ̀sì wà lórí tíréè. Kí obìnrin yẹn tó bojú wẹ̀yìn, mo ti gé e kanlẹ̀! Yéè, igbe tó ké! Ojú ibẹ̀ là, wọ́n tún gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n tún un rán. Dókítà ní ta ló rán mi níṣẹ́. Ẹ̀bi yín ni! Ẹ ò lè sọ pé, “Àbúrò mi, bó o bá rí òwú, má fọwọ́ kàn án”?

Wọ́n tún ní kí n jìnnà sí ohun díndín, kí n má gbé korobá omi, ẹ̀yin wá gbé òórùn ẹran díndín wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ nu ẹnu yín!

Ó dáa, mo gbọ́. Wọ́n fi àwọn òkúta tí wọ́n bá nínú òróòro mi hàn mí, wọ́n tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan ti fẹ́ lọ dí ojú ọ̀nà, dókítà ní bí mo bá tún fi falẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù bà mí nígbà tó sọ ọ́. Torí ká ní ẹ sọ òtítọ́ fún mi ni, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé lẹ̀ bá ti wá mi. Ẹ ṣeun. Inú ṣì ń bí mi o!

Háà, ta ló ń kanlẹ̀kùn? Géńdé ni? Àbúrò wa tó ń wa tírélà tó ń sá fún abẹ́rẹ́, tí wọ́n rí òkúta nínú òróòro tiẹ̀ náà, tó ní òun ò ní ṣe é láéláé? Ó fẹ́ wá bi mí bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ tètè fa aṣọ bo ikùn mi. Ẹ má wojú mi o, bí mo bá rẹ́rìn-ín, ojú abẹ yìí á pa mí!

Géńdé, wọlé, ọmọ ìyá mi! Iṣẹ́ abẹ kẹ̀? Má dá wọn lóhùn jàre! Wàá kàn sùn, wàá jí. Bi ẹ̀gbọ́n wa níbí: kò ju etí dídálu lọ!