Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sí Káyọ̀dé Lẹ́nu

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí gbogbo yín ti parí àdúrà ààwẹ̀ tí ẹ sì ti lọ, mo kúnlẹ̀ síbi àga iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, mo ń bi Ọlọ́run ní ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni Káyọ̀dé wà? Ẹ mọ̀ ọ́n, Àkànní, àbígbẹ̀yìn mi tó kú sẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù ń bà mí, torí ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ní kóòtù pé òun jẹ̀bi. Èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní ó fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní lọ́hùn-ún, ará ìlú méjìlá ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́, àwọn ni wọ́n ń sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi, kí adájọ́ tó sọ iye ìyà. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba ti wá bá a dúnàádúrà ṣáájú: bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, ọdún mẹ́rin, bó bá ní àfi kí àwọn méjìlá gbọ́ ọ, tí wọ́n sì dá a lẹ́bi, ó lè di ogún.

"Màámi, mi ò ṣe é."

"Mo mọ̀, Àkànní. Ṣùgbọ́n sọ pé o jẹ̀bi, kí o dọ̀bálẹ̀, kí o bẹ adájọ́. Àgbà kì í na ẹni tó ti tọrọ àforíjì."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ níbí, ọlọ́pàá á rò pé mo ń wá ìbọn lábẹ́ tábìlì ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé bíi ti ilé wa ni, níbi tí Bàbá Adéọtí, olórí ẹbí wa, ti máa ń ní kí àbúrò gba ẹ̀bi fún ẹ̀gbọ́n, kí ọ̀rọ̀ lè tán. N kò mọ̀ pé "mo jẹ̀bi" tiwọn ò ní àtúnsọ. Ó sọ ọ́, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin, ọdún kejì ló kú níbẹ̀.

Lórí àdúrà yìí ni oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Ìyá Káyọ̀dé, dìde."

Ọ̀nà iná la kọ́kọ́ gbà. Mo rí Gbádébọ̀ tó búra èké gba ilẹ̀ opó. Iyẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀, bó ṣe ń tu ú ló ń kún. Mo rí Sámúẹ́lì alágbèrè tó lé Àbẹ̀kẹ́ jáde toyún-toyún. Ó ń kanlẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo rí agbẹjọ́rò ìjọba kan, òyìnbó, fọ́tò ń jó lórí àyà rẹ̀. Amọ̀nà mi ní, "Ẹ̀rí tó lè tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ ni fọ́tò yẹn, ó fi pamọ́."

N kò dúró wò ó. Ojú Káyọ̀dé ni mo ń wá, mo ń sáré, mo ń yí orí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, iná ń jó mi lọ́wọ́, mo ń pè é, Àkànní o, Àkànní o, ẹ̀yìn orí kan jọ tirẹ̀, mo fà á, kì í ṣe òun, òmíràn tún jọ tirẹ̀, kì í ṣe òun.

"Kò sí níbí," ni amọ̀nà mi wí.

"Ó ní òun jẹ̀bi o, sà!"

"Ìbẹ̀rù ló sọ bẹ́ẹ̀. A mọ ohun tí kò ṣe."

Ó mú mi dé etí odò tútù kan. Àwọn olóòótọ́ jókòó lábẹ́ igi, ara tù wọ́n. Káyọ̀dé ti ẹsẹ̀ bọ omi, kò sí àpá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ṣubú lulẹ̀.

"Dárí jì mí, Àkànní. Èmi ni mo tì ọ́ mọ́lé."

"Màámi, kí n tó gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ni mo ti dárí jì yín. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n tètè wálé ni."

Ọ̀rọ̀ yìí jó mi ju iná lọ. Mo bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì í. Amọ̀nà mi mirí. "Padà. Àwọn ìyá mìíràn wà tí fóònù wọn máa dún."

Mo jí, Ìyá Fọláṣadé tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń mì mí.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, mo bẹ̀ yín. Bí ọmọ bá ní òun kò ṣe é, ẹ má fi ọgbọ́n àgbà pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ gbààwẹ̀ fún un, ẹ bá a sunkún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó sọ òtítọ́ lójú àwọn méjìlá yẹn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un ní ogún ọdún, òtítọ́ rẹ̀ á máa bá a gbé nínú rẹ̀. Káyọ̀dé mi, irọ́ tí mo fún un ló bá gbé títí ó fi kú.