Fèrè Tí Alwin Fọn ní Pápá

Má sọ pé kí n rọra, Lorenz! Ọjọ́ kẹta rèé tí ọkọ mi ti wà látìmọ́lé, ìwọ wá jókòó sórí àga ẹ̀, ò ń ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ rọra! Kí ló ṣe? Kí ni Alwin ṣe? Ó fọn fèrè ọkọ̀! Awakọ̀ rélùwéè wo ló ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù wa lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí góòlù wọlé, tí kò ní fọn fèrè? Bàbá wa gan-an tó wa ọkọ̀ rélùwéè ńkọ́, ṣé kì í fọn ọ́n ni?

Ó ń wa ọkọ̀ èédú bọ̀ jẹ́jẹ́ ẹ̀, ó bojú wolẹ̀, ó rí gbogbo èrò pápá lórí ìdúró, gbogbo wọn nawọ́ sókè. Kí lo fẹ́ kó rò? Ní Oberhausen yìí, láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, bí èèyàn bá nawọ́ sókè ní pápá, góòlù ni! Ta ló sọ fún un pé ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèlú yín lẹ nawọ́ sókè kí? Ló bá fọn ọ́n, ó ń fọn ọ́n lọ, inú ẹ̀ ń dùn, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá mọ́. Bọ́ọ̀lù ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ o! Ó mà ṣe o!

Àwọn ọlọ́pàá tó wá mú un láwọn fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan péré. Lánàá, wọ́n dá ẹ̀wù òtútù ẹ̀ padà fún mi. Wọ́n ní kò nílò ẹ̀ mọ́. Nínú oṣù kẹta tí òtútù ṣì ń mú, Lorenz! Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìwọ lo ní báàjì ẹgbẹ́ wọn láyà, ìwọ lo wà ní pápá. Dìde, lọ sọ fún wọn pé àṣà wa ni.

Kí lo wí? O ti bá wọn sọ̀rọ̀? Nígbà wo? Sọ́ńdè? Kí wọ́n tó wá mú un?

Háà! Ọkọ̀ ti kọjá lọ, èéfín ló kù, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó wà á. Ìwọ lo pariwo pé “Alwin nìyẹn, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi!” O sì ń rẹ́rìn-ín, ò ń fi í yangàn! Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò, ọkọ ọlọ́kọ ni tìẹ fẹ́ pa.

Jáde nílé mi. Jáde! Dúró ná. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló bá ọ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, Lorenz, àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, má dárúkọ mi.